Ìyàwó Tí A So Rọ̀: Ọ̀rọ̀ Catherine Dickens Àti Ọ̀rọ̀ Tiwa

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá nínú tipẹ́, a kò sì fẹ́ gbé e mì mọ́. Nígbàkígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti jáde, ojú àwa Mùsùlùmí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ní ẹ̀sìn wa ni ó sọ obìnrin di ẹrú. Wọ́n á ní àwọn ọkùnrin wa ń kó obìnrin jọ bí ẹni kó iṣu sí abà, wọ́n á sì tún lé wọn jáde bí ẹni lé adìẹ. Bí a bá wá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ilé tí ó tòrò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò nawọ́ sí, pàápàá jù lọ ayé Ọbabìnrin Fitóríà, ayé tí wọ́n ní ọkọ kan àti aya kan jókòó ti ẹ̀gbẹ́ iná, tí ọmọ rọ̀gbà yí wọn ká, tí Bíbélì wà lórí tábìlì.

A kò ní í bá wọn jiyàn lásán. Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé kan níbẹ̀. Kì í ṣe ilé ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe ilé olè. Ilé ọkùnrin tí ó kọ́ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ilé ṣe ń dùn ni, Charles Dickens, ẹni tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ kọ́ àwa náà nílé ẹ̀kọ́. Ta ni nínú wa tí ó kàwé tí kò mọ Oliver Twist, ọmọ òrukàn tí ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ sí i fún òun? Ta ni kò gbọ́ orúkọ David Copperfield? Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí wọ́n ka ìwé wọ̀nyí kí ni orúkọ ìyàwó ẹni tí ó kọ wọ́n. Ojú ara wọn ni wọn yóò máa wò.

Catherine Hogarth ni orúkọ rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1815. George Hogarth, bàbá rẹ̀, kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ó mọ òfin, ó mọ orin, nígbà tí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ó di olóòtú ìwé ìròyìn Evening Chronicle. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ nǹkan fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, wọ́n ti ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n rí ní ọdún 1824 nítorí gbèsè, òun alára sì ti fi ọmọdé ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpara dúdú tí wọ́n fi ń dan bàtà. Dickens ni. Ẹni tí yóò di àna rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n là á lọ́nà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1836, ó gbé Catherine níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Luke's ní Chelsea. Apá kìíní ìwé Pickwick, èyí tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Obìnrin yìí kò bá olówó, kò sì bá olókìkí. Ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe dé.

Láti oṣù kìíní ọdún 1837 títí di oṣù kẹta ọdún 1852, ọmọ mẹ́wàá ni Catherine bí, láìka oyún tí ó wálẹ̀. Kí àwọn ìyá tí ń ka ìwé wa yìí bá wa ṣírò rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ìgbà wo ni irú ara bẹ́ẹ̀ sinmi? Ní ọdún 1842 ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni àwọn ń lọ, ó sì bá a lọ, ó fi ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́rin sílẹ̀, ó sọkún títí kí ó tó gbà, ó wá la òkun kọjá nínú ìgbì ìgbà òtútù, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ́hùn-ún. Ọkọ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sílé nígbà náà pé arìnrìn-àjò tí ó ní ìfaradà ni. Ó bá ọkọ ṣe eré orí ìtàgé. Ó gba àlejò rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ mìíràn wà tí tábìlì kì í gba èrò tán. Ní ọdún 1851 ó ko orúkọ àwọn oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣe àlejò jọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ àdàpè ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, Lady Maria Clutterbuck. Ọdún yẹn kan náà ni Dora, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó kéré jù, kú ní ọmọ oṣù mẹ́jọ, nígbà tí ìyá wà ní Malvern níbi tí ó ti ń gba ìtọ́jú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i nígbà tí ọkọ bá ń sọ pé obìnrin yìí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ọdún 1857 Dickens ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní The Frozen Deep, ó sì háyà àwọn òṣèré fún un ní Manchester. Ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn. Àbíkẹ́yìn ìyá náà, Ellen Ternan, jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ọkọ Catherine jẹ́ ẹni ọdún 45. Ellen fi oṣù díẹ̀ péré ju Kate, ọmọ tí Dickens bí nínú ara rẹ̀, lọ. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọ̀wé sí ìránṣẹ́ ilé pé kí wọ́n fi pákó dí ẹnu ọ̀nà tí ó wà láàárín yàrá tí òun ti ń wọṣọ àti yàrá ìyàwó òun, kí òun máa dá sùn. Ìránṣẹ́ ilé ni ó kọ ọ́ sí! Aya ọdún mọ́kànlélógún, ẹnu ìránṣẹ́ àti ìró òòlù káfíńtà ni ó ti gbọ́ pé ọkọ òun kò fẹ́ òun mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1858 wọ́n kọ ìwé ìpínyà. Catherine jáde nílé, wọ́n ní kí ó máa gba 600 pọ́n-ùn lọ́dún. Owó náà kò kéré ní ayé ìgbà yẹn, a kò ní í purọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ńkọ́? Charles, dáwódù rẹ̀, nìkan ni ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ni àwọn yòókù wà, títí kan Edward, àbíkẹ́yìn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Georgina, àbúrò Catherine tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan náà, tí ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 1842, dúró ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni ó sì ń ṣe ìyálé ilé níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, a kò bá má kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọkọ àti aya a máa túká níbi gbogbo lábẹ́ ọ̀run. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó bí wa nínú.

Ariwo ti gba ìlú. Àwọn kan ń dárúkọ òṣèré, àwọn mìíràn ń dárúkọ Georgina. Dípò kí Dickens pa ẹnu mọ́, kí ó jẹ́ kí eruku fò lọ, ó kọ ìwé kan, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1858, pé òun àti ìyàwó òun ní ìṣòro nínú ilé, pé irọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà ó tún gbé e sí ojú ewé ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹ sì gbọ́ orúkọ ìwé ìròyìn ọ̀hún, ẹ̀yin ènìyàn wa: Household Words, èyí tí í ṣe Ọ̀rọ̀ Inú Ilé! Àwọn tí ń tẹ ìwé fún un, tí wọ́n tún ni ìwé apanilẹ́rìn-ín Punch, kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ náà sínú Punch, ó sì bá wọn ṣẹ́ ọ̀rẹ́. Nígbà tí dáwódù rẹ̀ yóò sì fẹ́ ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1861, bàbá kò dé ibi ìyàwó.

Èyí tí ó burú jù ṣì wà lẹ́yìn. Ó kọ lẹ́tà kan, ó fi lé ẹni tí ń bá a ṣètò ìwé kíkà fún àwùjọ lọ́wọ́, ó ní kí ó máa fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá yẹ. Ní oṣù kẹjọ lẹ́tà náà ti dé ojú ewé New York Tribune ní Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Pé àìsàn ọpọlọ a máa ṣe ìyàwó òun nígbà mìíràn. Pé kì í ṣe òun ni ó tọ́ àwọn ọmọ, Georgina ni. Pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí àwọn máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin tí ó bí ọmọ mẹ́wàá, tí ó sin ọ̀kan nínú wọn, ni gbogbo ayé ń kà nípa rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dickens ní wọ́n tẹ lẹ́tà náà láìgba àṣẹ òun. Ta ni ó kọ ọ́? Ta ni ó ní kí wọ́n máa fi hàn?

Ní ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì York, John Bowen, ka lẹ́tà méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tí wọ́n kó pa mọ́ sí Yunifásítì Harvard. Edward Dutton Cook, òǹkọ̀wé tí ó bá Catherine gbé àdúgbò, ni ó kọ wọ́n. Catherine ti sọ tinú rẹ̀ fún un ní ọdún tí ó kú. Ohun tí Cook kọ ni pé Dickens gbìyànjú láti ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ ilé àwọn wèrè, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láàyè. Ìgbà tí a ka èyí ni a tún lọ wo lẹ́tà ọdún 1858 tí ó ń sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ, ara wa sì bù máṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó kan àwa ará ilẹ̀ yìí gan-an, a kò sì ní í gbójú fò ó. Ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya lọ sókè, wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú kí àwọn sì kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ oko àti ẹ̀sìn. Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó, iṣẹ́ náà sì dàrú. Ní ọdún 1848 Dickens kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Examiner, ó fi ìrìn-àjò náà ṣẹ̀sín, ó ní iṣẹ́ ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ parí. Nígbà tí ó sì kọ Bleak House láàárín ọdún 1852 sí 1853, ó fi obìnrin kan sínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Mrs Jellyby. Obìnrin yìí a máa kọ lẹ́tà láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí àwọn ènìyàn etí Odò Ọya, àwọn ọmọ tirẹ̀ ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ilé ń rùn, ọkọ rẹ̀ jókòó ní kọ̀rọ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín títí. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á, kí á má parọ́, nítorí ó mọ ìwé kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi wá ṣe àwàdà pé ilé ẹni ni a ń kọ́kọ́ tún ṣe, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìwé yẹn ni ó gbé ìyàwó tirẹ̀ síta, tí ó sì wọ ẹ̀wù Mrs Jellyby fún un pé kò bìkítà fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti òfin, nítorí àwọn tí ń bú wa a máa gbé òfin òyìnbó sórí orí. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1858, òfin ìkọ̀sílẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá ṣe àgbèrè lè kọ̀ ọ́. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bá ṣe àgbèrè kò lè kọ̀ ọ́ nítorí àgbèrè nìkan, àfi bí ó bá fi ìwà ìkà, tàbí ìpatì ọdún méjì, tàbí ohun mìíràn tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kún un. Catherine kò ṣe àgbèrè, nítorí náà ọkọ kò lè kọ̀ ọ́. Àgbèrè nìkan kò sì tó fún Catherine láti kọ ọkọ. Wọ́n wá fi í sí àárín. Kò ní ọkọ, kì í sì í ṣe ẹni tí ọkọ mìíràn lè fẹ́. Ọdún méjìlá gbáko ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, títí Dickens fi kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1870. Nígbà tí Walter, ọmọ wọn, kú sí ilẹ̀ Íńdíà ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1863, bàbá kò kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kan ṣoṣo sí ìyá tí ó bí i.

Ní ti ohun ìní, kí ọdún 1870 tó dé, owó tí obìnrin tí ó lọ́kọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbà, ti ọkọ ni lábẹ́ òfin gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwé oúnjẹ tí Catherine ṣe bá mú kọ́bọ̀ kan wọlé, Dickens ni òfin mọ̀. Ọdún 1882 ni wọ́n tó gbà pé obìnrin tí ó lọ́kọ lè ní ohun ìní tirẹ̀ bí ẹni tí kò lọ́kọ. Catherine ti kú láti ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1879. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí Súúrà Nísáì sọ̀kalẹ̀? Ẹsẹ kẹrin rẹ̀ pàṣẹ pé kí a fún obìnrin ní sọ̀dáàkì rẹ̀, ohun tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ẹsẹ keje fún un ní ogún. Ẹsẹ kejìlélọ́gbọ̀n sọ pé ohun tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ fún, òun ni ó ni ín. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ṣáájú kí ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù tó ronú kàn án.

Síbẹ̀, irú àwọn aṣòfin wọ̀nyí ni wọ́n gbé òfin ìgbéyàwó dé Èkó ní ọdún 1884, òfin tí ó sọ ọ́ di ọ̀ràn fún ẹni tí ó bá ṣègbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ láti tún fẹ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1888 àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà péjọ sí Lambeth, wọ́n sì pinnu pé ẹni tí ó bá ní ìyàwó púpọ̀ kò gbọdọ̀ gba ìrìbọmi. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fẹ́ ìyàwó méjì ní gbangba, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí gbogbo ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá, ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Dickens, tí ó fi Ellen pa mọ́ fún ọdún méjìlá, tí ó fi orúkọ èké, Tringham, háyà ilé ní Slough àti Peckham, inú ilé ìsìn Westminster Abbey ni wọ́n sin ín sí.

Wàyí o, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní í fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lé gbogbo ẹlẹ́sìn kan lórí. Àwọn Kírísítẹ́nì kan wà tí wọ́n gbè sẹ́yìn Catherine. Òǹkọ̀wé Thackeray, ọ̀rẹ́ Dickens, ṣàánú rẹ̀. Angela Burdett-Coutts, obìnrin olówó tí ó bá Dickens dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ayé bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, gbìyànjú láti parí ìjà náà. A kò sì lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ìwà ìkà Mùsùlùmí kan dá Ìsìláàmù lẹ́jọ́, kí àwa wá fi Dickens dá ẹ̀sìn tiwọn lẹ́jọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n dẹ́kun fífi ayé Fitóríà ṣe òṣùwọ̀n fún wa.

Àwọn àáfà wa kan wà tí wọ́n ti ń mi orí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ yìí. A mọ ohun tí ó wà lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, ṣé ẹ rí i? Bí Dickens bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, ìbá so yìgì Ellen pẹ̀lú Catherine, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yára. Òótọ́ ni pé Ellen ìbá ní ẹ̀rí, ìbá ní sọ̀dáàkì, ìbá lè fi ojú hàn ní ọ̀sán. Ní ọdún 1865 nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dànù ní Staplehurst, òun àti ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Dickens, ṣe ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé àìsí ìyàwó kejì ni ó pa Catherine lẹ́kún? Pákó tí wọ́n fi dínà ni. Lẹ́tà tí wọ́n fi bà á jẹ́ ni. Ọmọ tí kò sí nílé rẹ̀ mọ́ ni. Yìgì kejì kì í wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹni tí ó bá ṣe ìkà sí ọ̀kan kò ní í tìtorí pé ó fẹ́ méjì di olódodo.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí wa. Nínú Súúrà Nísáì kan náà, ní ẹsẹ 129, Ọlọ́hun sọ fún àwọn ọkùnrin pé wọn kò lè ṣe déédéé láàárín àwọn ìyàwó bí ó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe tẹ̀ sí ẹnì kan pátápátá kí wọ́n wá fi èkejì sílẹ̀ bí ohun tí a so rọ̀. Bí ohun tí a so rọ̀! Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó bá Catherine mu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni Gẹ̀ẹ́sì kò ka ẹsẹ yìí. Ta ni ó kà á? Àwa ni. A kà á nílé-kéwú, a tún gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú wáàsí, a sì ń so àwọn obìnrin rọ̀.

Ta ni kò mọ ìyáálé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ọkọ kò wọ yàrá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí kò sì kọ̀ ọ́? Tí ó bá ní kí wọ́n fún òun ní ìwé òun kí òun máa lọ, wọ́n á ní ọmọ ni yóò fi sílẹ̀. Tí ó bá ní òun ń dúró, kò sí owó oúnjẹ. Ta ni kò mọ ọkùnrin tí ó ní ìyàwó kan nílé, tí ó tún so yìgì òmíràn ní ìlú mìíràn, tí ìyáálé kò gbọ́ àfi nígbà tí ọmọ ìkókó ti ń rìn? Kí ni ìyàtọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí àti Tringham? Ẹlòmíràn sì wà, tí ó bá ti bá ìyàwó jà, ó di iwájú mọ́sáláásí, ó di ibi ìpàdé ẹgbẹ́, ó ń ka ẹ̀sùn rẹ̀: kò mọ oúnjẹ sè, kò mọ ọmọ tọ́, orí rẹ̀ kò pé. Ó bí ọmọ méje fún un kí ó tó rí i pé orí rẹ̀ kò pé! Súúrà Bákárà ẹsẹ 187 pe ọkọ àti aya ní aṣọ fún ara wọn. Ta ni ó ń bọ́ aṣọ ara rẹ̀ nínú ọjà? Súúrà Hújúráátì ẹsẹ 12 fi ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn wé ẹni tí ń jẹ ẹran ara òkú ọmọ ìyá rẹ̀, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì jẹ́ kí ó yé wa pé bí ohun tí a sọ bá wà lára ẹni náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. Bí kò bá sí, irọ́ ìbanijẹ́ ni.

Àwọn kan á ní ìgbẹ́jọ́ ti wà. Ẹsẹ 35 Súúrà Nísáì ní kí a yan alárinà kan láti ilé ọkọ àti òmíràn láti ilé ìyàwó. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ Catherine náà ní irú rẹ̀. Mark Lemon, olóòtú Punch, dúró fún un. John Forster dúró fún Dickens. Ṣùgbọ́n iye owó tí obìnrin náà yóò máa gbà ni wọ́n jókòó sí, kì í ṣe bí wọn yóò ṣe là á pa pọ̀. Àwọn ẹbí Catherine, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kan, ni wọ́n mú kí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò gba ìròyìn burúkú kan gbọ́ nípa Dickens, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àìfọwọ́sí ni kò ní í jẹ́ kí owó jáde. Bí ìgbìmọ̀ tiwa náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin kan lórí ìdúró, wọ́n á ní kí ó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ. Wọn kò bi ọkọ ní ìbéèrè kan tí ó le.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ wa àti àwọn lẹ́mọ́mù wa fún kò pọ̀. Nígbà tí ọkùnrin tí ó ti ní ìyàwó bá wá pé kí a so yìgì òmíràn fún òun, kí lẹ́mọ́mù tó fọwọ́ kan sọ̀dáàkì, kí ó rán àwọn ìyá àdínì méjì lọ sílé rẹ̀. Kí wọ́n wo yàrá ìyáálé. Kí wọ́n bi í pé ìgbà wo ni ọkọ ti fún un lówó oúnjẹ gbẹ̀yìn, ìgbà wo ni ó ti jẹ́un lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé a ń so yìgì lọ́jọ́ Sátidé. Bí ó bá jẹ́ pé a ti so ó rọ̀, kí a sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó padà lọ tú u sílẹ̀ pẹ̀lú dáadáa tàbí kí ó mú un dání pẹ̀lú dáadáa, bí ẹsẹ 229 Súúrà Bákárà ti wí, kí ó tó padà wá bá wa. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ níwájú ìjọ, kí a dá a dúró kí ó tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́.

Nígbà tí Catherine ń kú lọ, ó kó lẹ́tà tí Dickens kọ sí i nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra àti lẹ́yìn ìgbéyàwó fún Kate, ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ó kó o fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù, kí ayé lè mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ràn òun nígbà kan rí. Ogún ọdún ó lé wà láàárín ìgbà tí ó jáde nílé ọkọ àti ọjọ́ yẹn, kò sì fi ẹnu kan dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn kankan. Lẹ́tà náà nìkan ni ó ní láti fi gbèjà ara rẹ̀. Àwọn obìnrin tiwa kò ní lẹ́tà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa kì í kọ lẹ́tà ìfẹ́. Àwọn ẹlẹ́rìí yìgì ni wọ́n ní, ìyẹn àwa tí a jókòó níbẹ̀, tí a jẹ dòdò, tí a ṣe àmín.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí, yóò bí àwọn ọkùnrin nínú, wọ́n á máa lọ so yìgì níbòmíràn. Kí wọ́n lọ. Kí a kàn mọ ilé tí a ti ń jẹ́ kí wọ́n so ó.